Ní Odi Hirosaki, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Rẹ́wọ́ Igi Sakura

Ọjọ́bọ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi máa dé láti Lọ́ńdọ̀nù, òdòdó sakura, ìyẹn igi ṣẹ́rì ilẹ̀ Japan, ti rẹ̀ tán ní Tokyo. Inú wọn ò dùn rárá, torí nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Láti gúúsù ni sakura ti máa ń tan bọ̀ wá sí àríwá bí ilẹ̀ ṣe ń móoru díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá bá a ní Tokyo, kó wọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ibi tí a tẹ̀ lé e dé ni Hirosaki ní ìpínlẹ̀ Aomori, níbi tí erékùṣù Honshu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019 nìyí, àwọn ará Japan sì fẹ́ wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́wàá nítorí ọba tuntun tó máa gorí ìtẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń kún nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ á mọ ìdí tí a fi tètè gbéra.

Ṣinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí àṣá, gbé wa láti Tokyo dé Shin-Aomori láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Níbẹ̀ la ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń rìn bíi pé kò sóhun tó ń lé e, ogójì ìṣẹ́jú tàbí bẹ́ẹ̀. Oko ápù ló wà lọ́tùn-ún lósì. Ó ju ìdajì ápù tí wọ́n ń kórè ní gbogbo Japan lọ tó jẹ́ láti Aomori. Àwọn igi náà kúrú, àárín wọn ṣí sílẹ̀ kí oòrùn lè wọ̀ ọ́, kò sí ẹ̀ka tó gùn lé èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ẹni tó rẹ́wọ́ àwọn igi yìí mọṣẹ́." Oko kòkó bàbá wa ní Òǹdó la dàgbà sí, ojú wọn kì í kúrò lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

A dé ilé-ìtura nírọ̀lẹ́. Otútù ibẹ̀ kò gbọ́ pé ìgbà òtútù ti lọ. A jẹ ikamenchi, ìyẹn ẹran squid tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ewébẹ̀ tí wọ́n wá dín bí àkàrà, a sì sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Bọ́ọ̀sì tó ń yí ìgboro ká, 100 yen la san. Ó já wa sílẹ̀ nítòsí yàrà ìta odi Hirosaki, ibi tí olóyè ìlú ń gbé láyé àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró gbagidi. Mo ti rí sakura ní Ueno, mo ti rí ti etí odò Meguro, ní Tokyo, àmọ́ ti ibí yìí yàtọ̀. Àwọn ẹ̀ka tẹ̀ wálẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, òdòdó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èèpo igi. Igi etí yàrà ìta ló máa ń kọ́kọ́ tan, òun náà ló ń kọ́kọ́ rẹ̀, nítorí náà àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti ń bẹ lójú omi láti àárọ̀.

Yàrà mẹ́ta ló yí odi yìí ká, ọ̀kan nínú èkejì, gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín wọn sì jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 49. A gba Ōtemon wọlé, ẹnubodè tó wà ní gúúsù. Òrùlé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju ti ẹnubodè odi mìíràn tí mo ti rí lọ. Yìnyín ni wọ́n rò mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, torí ó máa ń gun orí ara wọn níbí nígbà òtútù. Ẹnubodè márùn-ún ló ṣì wà lóòró láti ayé àtijọ́, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ mẹ́ta. Ẹranko ni wọ́n fi sọ àwọn ilé ìṣọ́ náà lórúkọ gẹ́gẹ́ bí igun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà: èyí tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn ń jẹ́ màlúù àti ẹkùn, ti gúúsù ìlà-oòrùn ń jẹ́ dírágónì àti ejò, ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń jẹ́ àgùntàn àti ọ̀bọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á gba ti ẹkùn.

Ọkùnrin tó dá ìjọba olóyè tó ni odi yìí sílẹ̀ ni Tsugaru Tamenobu. Ọ̀dọ̀ ìdílé Nanbu ló ti já ilẹ̀ náà gbà, nígbà tó sì di 1590, Toyotomi Hideyoshi, ẹni tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, fọwọ́ sí i pé tiẹ̀ ni. Òun ló yan ibi tí odi máa wà, ṣùgbọ́n ikú ò jẹ́ kó kọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀, Nobuhira, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1610, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún kejì, tòun ti ilé gogoro alájà márùn-ún láàárín. Ní 1627, àrá sán lu ilé náà. Iná dé ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí, gbogbo ẹ̀ bú gbàmù. Mo ń ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kàn ní, "Ẹ ò rí i pé Ṣàngó ò mọ ẹni tó ń jẹ́ sàmúráì."

Ó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó tún ní ilé gogoro. Ìjọba Tokugawa, tó ń ṣàkóso Japan nígbà yẹn, ò fẹ́ kí olóyè kankan máa kọ́ tuntun, torí náà nígbà tí olóyè kẹsàn-án, Yasuchika, fẹ́ kọ́ tirẹ̀ ní 1810, ilé ìṣọ́ igun odi ló ní òun ń tún kọ́. Alájà mẹ́ta ni, kò ga púpọ̀, bíi mítà 14, wọ́n fi bàbà ṣe òrùlé rẹ̀ nítorí otútù máa ń fọ́ amọ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀. Òun nìkan sì ni ilé gogoro àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ní gbogbo agbègbè Tohoku, apá àríwá Honshu. Méjìlá péré ló kù ní Japan látòkè délẹ̀.

Ẹ yí i po kí ẹ tó wọnú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síta, tí àlejò àti ọ̀tá máa rí, ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú ihò tín-ín-rín tí wọ́n ti lè tafà. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú sínú ọgbà, fèrèsé lásán ló wà níbẹ̀, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kun iwájú rẹ̀ nìkan tí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní bíríkì.

Ṣùgbọ́n kò sí ní àyè rẹ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ débẹ̀ gan-an nìyẹn. Ògiri òkúta tó gbé e dúró ti ń yọ ikùn síta, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé tí ilẹ̀ bá mì, á wó. Ní 2015, wọ́n ki ẹ̀rọ sábẹ́ ilé náà, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sókè láìtú u palẹ̀, ó tó nǹkan bí irínwó tọ́ọ̀nù, wọ́n sì yí i lórí irin lọ sínú ọgbà, ó lé ní mítà àádọ́rin. Wọ́n pe ará ìlú wá fi okùn fà á pẹ̀lú, àgbà àti ọmọdé. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: ògiri kan náà wó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbé ilé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì di 1915 kí wọ́n tó dá a padà. Òkúta tí wọ́n tú lára ògiri lé ní 2,000, nọ́mbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè padà síbi tó ti kúrò. A dúró lórí Gejōbashi, afárá pupa tí àwọn ìjòyè gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin kí wọ́n tó wọ inú lọ́hùn-ún. Nínú gbogbo káàdì ìkíni àtijọ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ilé náà. Lónìí, àyè tó ṣófo lèèyàn ń rí níbẹ̀. Àwọn kan ń kùn pé fọ́tò àwọn ti bà jẹ́. Mi ò bá wọn kùn. Ilé tí wọ́n ń tún ìdí rẹ̀ ṣe wù mí wò ju èyí tí wọ́n kàn kun lọ́dà.

Láti ibi tí wọ́n gbé e sí, òkè Iwaki ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mítà 1,625, yìnyín ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gun àtẹ̀gùn inú ilé náà dé àjà kejì. Ó ga ju àkàsọ̀ lọ. Wọ́n ní ó ti tó, àwọn ti rí Japan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Èrò! Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo abẹ́ igi ni wọ́n ti tẹ́ ẹní sí láti ìdájí, wọ́n tún bọ́ bàtà lẹ́bàá ẹní bíi pé inú pálọ̀ ni. Iyán nìkan ló kù. Wọ́n ń jẹ konnyaku dúdú, oúnjẹ rírọ̀ tí wọ́n fi irú iṣu kan ṣe, tí wọ́n fi igi gún, wọ́n ń jẹ akàn kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí àwọn ará Tsugaru máa ń jẹ lásìkò òdòdó, ọtí ìrẹsì ń lọ tó ń bọ̀.

A wá igi tó dàgbà jù kàn. Nítòsí ẹnubodè ìlà-oòrùn ti Ninomaru, ìyẹn ọgbà kejì nínú odi, ló wà, lẹ́bàá ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́. Sakura Somei Yoshino ni, 1882 ni wọ́n gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi jẹ́ ìyanu. Somei Yoshino kì í dàgbà láti inú kóró; gígé ni wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí igi mìíràn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi jọra tí wọ́n sì ń tan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń lò láyé. Ní Hirosaki, àwọn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ju 300 lọ.

Ìtàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo ń rò látìgbà tí a ti wọ ọkọ̀. Ní 1871, ìjọba Meiji fòpin sí ìjọba àwọn olóyè. Odi di ti àwọn ológun, wọ́n wó ilé inú rẹ̀ púpọ̀, àwọn sàmúráì, ìyẹn jagunjagun àwọn olóyè, pàdánù owó oṣù àti ipò. Ọ̀kan nínú wọn, Kikuchi Tatee, bọ́ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin ápù ní Aomori. Ó dun ọkùnrin yìí bí odi ṣe di aginjù, ó sì gbin sakura 1,000 síbẹ̀ ní 1882. Àwọn sàmúráì ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú. Odi olúwa wọn ni wọ́n fẹ́ sọ di ibi àríyá! Wọ́n fa àwọn igi náà tu, wọ́n ṣẹ́ òmíràn. Èyí tí ọwọ́ wọn ò dé ló wà níwájú wa yìí. Ní 1895, wọ́n ṣí odi náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì tún gbin sakura lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn náà. Sakura inú rẹ̀ lónìí tó bí 2,600, oríṣi tó lé ní àádọ́ta. Àríyá tí àwọn sàmúráì ń bẹ̀rù náà ló ń lọ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnìkan ti ń kọrin.

Àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó. Ní Japan, òwe kan wà tó ní òmùgọ̀ ló ń gé sakura, òmùgọ̀ ni kò gé ume, igi eléso kan tó jọ sakura. Ojú ọgbẹ́ sakura tètè máa ń jẹrà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Àmọ́ inú àwọn àgbẹ̀ ápù ni Hirosaki wà, àgbẹ̀ ápù ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi sílẹ̀ láìrẹ́wọ́. Wọ́n gé ẹ̀ka tó ti gbó, wọ́n fi oògùn kun ojú ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ajílẹ̀. Kò kú. Ọ̀mùnú tuntun rú láti ìdí. Láti ìgbà náà, inú yìnyín oṣù kejì àti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń rẹ́wọ́ wọn lọ́dọọdún, ìlú sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn ju ìtọ́jú sakura lọ. Níbi tí sakura ibòmíràn ti ń yọ òdòdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ìrudi kan, ti Hirosaki máa ń yọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fà á tí ojú wa kò fi rí èèpo igi lánàá.

Bàbá arúgbó kan tó jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ pé à ń ka òdòdó inú ìrudi. Ó béèrè ibi tí a ti wá. Mo ní Nàìjíríà ni, pé àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wa. Èdè Tsugaru ló ń sọ, ìdajì rẹ̀ ló yé mi, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ "kòkó" ojú rẹ̀ là. Ó ní òun náà ní oko ápù. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀ka kan, ó fi ìka méjì ṣe bí àlùmọ́gàjí, ó fi hàn wá ibi tó yẹ kí a gé àti ibi tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Japanese, síbẹ̀ wọ́n ń mi orí, wọ́n ń tọ́ka, wọ́n ń bá a jiyàn pàápàá lórí ẹ̀ka kejì. Odidi wákàtí kan. Mi ò rí ẹnu là sí i. Wọ́n fún wa ní konnyaku, a fún wọn ní ṣin-ṣin tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti Peckham.

Alẹ́: iná ní etí yàrà ìwọ̀-oòrùn, èrò tó tò sẹ́yìn ibi tí àlàfo àárín ẹ̀ka méjì ti dà bí àmì ọkàn, kí wọ́n lè ya fọ́tò. A ò tò.

Ọjọ́ Àìkú

Òjò. A lọ sí Chōshōji, tẹ́ńpìlì ìdílé Tsugaru, ní òpin òpópónà tí tẹ́ńpìlì ẹ̀sìn Zen mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tò sí. Àwọn Tsugaru ló kó wọn jọ síbẹ̀ láti fi dáàbò bo gúúsù ìwọ̀-oòrùn odi: tí ogun bá dé, ọgbà tẹ́ńpìlì á di ibùdó. Lẹ́yìn náà Saishōin, tẹ́ńpìlì mìíràn, tí pagoda rẹ̀, ilé gogoro ẹ̀sìn Búdà alájà márùn-ún, ti wà láti 1667, wọ́n kọ́ ọ fún ọkàn àwọn tó kú nínú ogun tí Tamenobu fi gba ilẹ̀, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Ó dára, ó sì tutù. A sá wọ ilé kọfí, a jẹ páì ápù. Ìlú yìí ní àwòrán ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń ta páì ápù nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi mú un, wọ́n ní ìyẹn ni ìwé tó wúlò jù tí wọ́n ti fún àwọn látijọ́.

Ọjọ́ Ajé

A tètè padà lọ sí yàrà ìta kí a tó lọ wọkọ̀. Òjò àná ti gbọn òdòdó sílẹ̀, omi kò sì hàn mọ́ rárá. Hanaikada ni wọ́n ń pe òdòdó tó bo omi báyìí, láti etí dé etí. Àwọn kan wá síbí nítorí ìyẹn nìkan, wọn ò tiẹ̀ bìkítà fún èyí tó wà lórí igi. Pẹ́pẹ́yẹ kan là á kọjá, ọ̀nà dúdú tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè wá ilé-ìtura, oṣù mélòó kan ṣáájú, torí tí ìlú yìí bá kún, Aomori lèèyàn ti máa sùn. Kó mú aṣọ òtútù. Kó má lọ lọ́jọ́ kan kó padà.

Nínú ọkọ̀ la ti pe bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé gbogbo bí wọ́n ṣe ń rẹ́wọ́ igi náà, bàbá ń béèrè: oṣù wo, irú ayùn wo, kí ni wọ́n fi ń kun ojú ọgbẹ́? Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Èso rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dùn?"

"Kì í so èso tí wọ́n ń jẹ, Bàbá. Òdòdó nìkan ni."

"Igi tí kì í so, ẹ ní wọ́n ń rẹ́wọ́ ẹ̀ nínú yìnyín?"

"Bàbá, àwọn tó ń wá wò ó lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù méjì."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan?"

Mo ní nǹkan bí 300 yen láti dé ibi ilé gogoro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tó kù, ọ̀fẹ́ ni. Bàbá ní kí n tún un sọ.